Commodore tàbí Falcon: èwo ni ká rà?

Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ ìdílé àlòkù ní Ọsirélíà kò ní pẹ́ bá ìbéèrè yìí pàdé. Ford ṣe Falcon níbẹ̀ láti 1960 títí di oṣù kẹwàá ọdún 2016. Commodore ti Holden, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Ọsirélíà, dé lọ́dún 1978. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn nílùú Elizabeth, ní Gúúsù Ọsirélíà, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, Falcon ni mo fara mọ́. Barra, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 4.0, tó jáde lọ́dún 2002, lálòpẹ́ gan-an. Àwọn onítakisí fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún, gáàsì ni púpọ̀ nínú wọn sì ń lò. Ẹ́ńjìnnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà) lítà 3.6 ti Commodore, láti 2004, dára, àmọ́ bí wọn kò bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ṣéènì inú rẹ̀ á fà, owó ńlá sì ni àtúnṣe rẹ̀. Falcon náà ní àléébù tirẹ̀ o: nínú àwọn tó ní jíà ọ̀tọmátíìkì onípò mẹ́fà, ohun tó ń tu ọ́ìlì jíà lára lè jò, kí omi ráńdíétọ̀ wọ inú jíà, kí ó bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó.

Ní ti wágọ́ọ̀nù, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn tó sì ń gba ẹrù, Ford dá ti Falcon dúró lọ́dún 2010; wọ́n ṣe ti Commodore títí di 2017.

Ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn lójoojúmọ́, tó fẹ́ lo gáàsì, kó mú Falcon. Ẹni tó lọ́mọ tó sì lẹ́rù, tó fẹ́ wágọ́ọ̀nù tí kò tíì gbó, kó mú Commodore, bí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ bá pé.