Ìwé mẹ́ta lórí ogun àti ètò ààbò: èyí tó tó owó ẹ̀ àti èyí tí kò tó o

₦31,000 ni mo ná sórí ìwé mẹ́ta yìí, láìka owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. N kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni mí lápá Apẹ̀tẹ̀. Èmi ni mo ń gba owó ọdẹ lójúlé-lójúlé lóṣooṣù, èmi náà ni wọ́n sì ń pè láago méjì òru tí ajá bá ń gbó ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìpàdé wa kan lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ dé orí bóyá ká wá ìwé àṣẹ ìbọn fún àwọn ọdẹ. Alàgbà kan ní iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn nìyẹn. Òmíràn ní ọlọ́pàá nìkan ni òfin mọ̀. Màmá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó tí wọ́n jẹ àwọn ọdẹ náà ná. A tú ká láìfẹnu kò. Mo rí i pé kò sẹ́nì kankan nínú wa, tèmi náà mọ́ ọn, tó mọ bí ọ̀rọ̀ ààbò ṣe rìn tó fi dé ibi tó dé yìí. Mo bá lọ wá ìwé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni Formation, tí Fọlá Fagbule àti Fẹ̀yí Fawehinmi kọ, tó jáde ní 2021. Ìtàn bí Nàìjíríà ṣe di odidi ni, láti jíhàádì Usman dan Fodio ní 1804 títí dé 1914 tí Lugard so àríwá mọ́ gúúsù.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rà á ná. Lábẹ́ bíríìjì ni, ₦5,000, inú mi dùn pé mo rí ọjà he. Mo délé, mo ṣí i lábẹ́ iná, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ dún pá, ewé mẹ́rin já bọ́ sínú àwo ọbẹ̀ ewédú. Mo kà á dé ojú ìwé 112, ojú ìwé 97 ló tún tẹ̀lé e. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń yọjú sí ti iwájú, àwọ̀ ara èèpo rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì bí aṣọ tó pẹ́ lórí okùn. Ayédèrú ni. Nígbà tí mo gbé e padà, ọmọkùnrin tó tà á fún mi wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ìwé kan náà ṣáà ni." Kò gbà á. Mo wá lọ ra ojúlówó ní ilé ìtàwé tó ní ilẹ̀kùn àti rìsíìtì, ₦12,000. Ẹ fi ọwọ́ yẹ ẹ̀yìn ìwé wò kí ẹ tó sanwó, ẹ sì ṣí àárín rẹ̀ ka nọ́ńbà ojú ewé, ẹ má wo iwájú nìkan.

Iṣẹ́ owó àti ìṣirò làwọn òǹkọ̀wé méjèèjì ń ṣe jẹun, wọn kì í ṣe onímọ̀ ìtàn, ìyẹn sì ni mo fi fẹ́ràn ìwé wọn. Ó ń yá lójú, kò sì gbàgbé pé ẹnì kan ló ń náwó sógun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ George Goldie, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Royal Niger Company, gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1886. Ó ń ra epo pupa lẹ́bàá odò Ọya, ó ń gba owó ibodè, ó tún ní ọmọ ogun tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìparí 1899, £865,000 ni wọ́n san fún ilé-iṣẹ́ náà. Àwa tó ń gbélé lórí ilẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá rò pé láyé òde òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé iṣẹ́ ààbò fún aládàáni, kó lọ ka ìtàn Goldie. Àbùkù kan tí mo rí ni pé àádọ́fà ọdún pọ̀ fún ìwé kan. Bí o bá ti ń gbádùn ìlú kan ni wọ́n ti fà ẹ́ lọ sí òmíràn. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún.

Ìwé kejì kì í ṣe tuntun rárá, ṣùgbọ́n òun ló yanjú ọ̀rọ̀ fún mi jù. Yoruba Warfare in the Nineteenth Century ni, tí J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith kọ, 1964. Àlòkù ni mo rí, ₦4,000. Ikán ti tọ́ etí èèpo rẹ̀ wò, òǹtẹ̀ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan sì wà lójú ewé kìíní (mi ò béèrè bó ṣe dé orí tábìlì àlòkù). Smith ló kọ apá kìíní, lórí ohun ìjà, odi ìlú àti bí wọ́n ṣe ń jagun. Àjàyí ló kọ apá kejì, lórí ogun Ìjàyè.

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ̀ pé a ṣẹ́gun Ìjàyè. Ohun tó ná wa ni a kì í sọ. Aláàfin Àtìbà wàjà, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ní Àrẹ̀mọ Adélù gbọ́dọ̀ bá bàbá rẹ̀ kú bí àṣà ṣe wí, òun ò ní sìn ín. Ìbàdàn ní Adélù làwọn mọ̀. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta 1862. Láàárín méjì yẹn, Ẹ̀gbá tó gbè sẹ́yìn Ìjàyè dí ọ̀nà Èkó mọ́ wa, iyọ̀ àti ẹ̀tù wọ́n bí ojú. Ìjàyè náà ò rí oko lọ, ebi wọ ìlú, àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere lọ́wọ́. Ìjàyè fọ́ tán, ìjà ò tán. Ní 1865, Ẹ̀gbá ká Ìkòròdú mọ́, Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, sì fi ọmọ ogun ṣí wọn nídìí níbẹ̀.

Níbí ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀, tí mo jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ ogun Haúsá tí Glover kó jọ l'Ékòó ní 1863 yẹn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn, ọ̀dọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń ka ọjọ́ orí ara rẹ̀. Àjèjì ni wọ́n níbi tí wọ́n ń ṣọ́, wọn ò ní ẹbí níbẹ̀, ẹni tó ń sanwó fún wọn nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀. Tèmi ni pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Tiwa n'Íbàdàn yàtọ̀: ọmọ ogun ń gbé lágbo ilé ológun rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹ, ológun sì ń ra ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, wá yé mi. Ní ilé-ìwé, ìkà ni wọ́n fi kọ́ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti ṣàlàyé tipẹ́ pé gbèsè ogun wà nínú rẹ̀: ìjòyè ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ Ìyálóde, wọn ò san án, nígbà tó sì dáwọ́ dúró, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n pa á ní 1874. Èdè ìwé Àjàyí àti Smith nípọn, ẹni tó bá sì fẹ́ ìtàn ogun Kírìjì ní kíkún á ní láti wá ìwé mìíràn kún un. Màá fún un ní márùn-ún síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ₦10,000, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Tuntun ni, èèpo rẹ̀ le, wọ́n ṣe ìkójáde rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá, jọ̀lọ́ọ̀fù wà, mo jẹ. Ètò ààbò orílẹ̀-èdè ni àkọlé rẹ̀ wí. Àwòrán ọ̀gágun ló kún inú rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbi ayẹyẹ. Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà mẹ́fà gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 9 oṣù kìíní 2020, ojú ewé kan àtààbọ̀ péré ló rí gbà. Kò mẹ́nu ba abala 214 ìwé òfin 1999, tó ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà ní Nàìjíríà. Kò sọ pé a ti ní ọlọ́pàá ìbílẹ̀ rí. Kò sọ ìjà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù karùn-ún 1962, tí àga ń fò nínú ilé, tí Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, fi kéde pàjáwìrì tó sì rán Dókítà Májẹ̀kódùnmí wá ṣàkóso. Kò sọ rògbòdìyàn wẹ́tíẹ̀ ti 1965, tí àwọn olóṣèlú ń fi ọlọ́pàá ìbílẹ̀ na alátakò, tí àwọn àgbà fi ń gbọ̀n títí dòní tí wọ́n bá gbọ́ "ọlọ́pàá ìpínlẹ̀". Ọ̀rọ̀ tí alàgbà méjì ń jà lé lórí nípàdé wa gan-an nìyẹn, ìwé náà sì fò ó kọjá. Ẹyọ kan péré, nítorí jọ̀lọ́ọ̀fù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo ń ka Ìjàyè níta nítorí ooru, Bàbá Ọdẹ dúró tì mí pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

"Akọ̀wé, kí lẹ̀ ń kà tó báyìí?"

"Ogun àtijọ́ ni, Bàbá."

"Wọ́n kọ iye tí wọ́n ń san fún àwọn ọmọ ogun lóṣù síbẹ̀?"

Mo ní kò sówó oṣù, ohun tí wọ́n bá kó lógun ni wọ́n ń pín. Ó rẹ́rìn-ín, ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sí ilé tó dojú kọ tèmi, tó jẹ owó oṣù mẹ́ta, ó tàn án síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.