Òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú ní Jàpáànù: yàrá há, omi ò wọ́n

Ọmọ Ìlọrin tó bá fẹ́ sùn ní Tokyo tàbí Osaka láìná ìnákúnàá, "business hotel" ni kó wá, irú Toyoko Inn. Yẹ́ẹ̀nì 7,000 sí 12,000 ló sábà máa ń jẹ́ lóru kan. Ó ń wọ́n sí i lálẹ́ Sátidé, àti ní ìparí oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún tí àwọn ará ibẹ̀ ń gba ìsinmi.

Yàrá náà há o. Tòun ti balùwẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 tí wọ́n ń yá ní Tánkè lọ. Bẹ́ẹ̀dì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 140 ni wọ́n ń kà sí ti ẹni méjì. Kí tọkọtaya gba oníbẹ́ẹ̀dì méjì.

Balùwẹ̀ ló jẹ́ kí owó náà tó sí i. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ní bọ́tìnnì tó ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ìdí èèyàn; ẹni tí bébà ò tẹ́ lọ́rùn kò ní wá bùtá kiri. Tí omi ò bá jáde, ẹ ò jókòó dáadáa ni, torí ìjókòó náà ló ń mọ̀ pé èèyàn wà lórí òun. Bọ́tìnnì tí wọ́n kọ 止 sí ló ń dá omi dúró. Ẹ ki etí kọ́tìnnì sínú ibi ìwẹ̀ kí ilẹ̀ má baà kún fómi. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti fọ ẹsẹ̀ àlùwàlá. Básíà ìfọwọ́ ti kéré jù.

Ẹni tó fẹ́ kírun kò gbọdọ̀ kọjú sí gábàsì bíi ti ilé. Ìwọ̀ oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá ni Mẹ́kà wà sí ibẹ̀. Tùràrí, ẹ fi sílé: èéfín lè mú aago iná dún, wọ́n sì lè gba owó ìfọ̀ yàrá.

Oúnjẹ àárọ̀ Toyoko Inn wà nínú owó yàrá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: "buta" lédè wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó sì sábà máa ń wà nínú sọ́séèjì. Ìrẹsì funfun àti ẹyin bíbọ̀ ò níyọnu.

Iná wọn fólítì 100 ni, áyọ́ọ̀nù tí ẹ gbé láti ilé ò ní gbóná dáadáa. Ṣájà fóònù tí wọ́n kọ 100–240V sí yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wọn pẹlẹbẹ méjì ni, ẹ mú àdápítọ̀ dání.

Aago 3 tàbí 4 ọ̀sán ni wọ́n ń fúnni ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá tètè dé lè fa ẹrù lé wọn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín, òfin ìlú wọn ni. Aago 10 àárọ̀ ni ìjáde. Ẹni tó bá pẹ́ yóò san owó wákàtí.