Òṣogbo fún ẹni tó fẹ́ kó kúrò l'Ékòó

Ẹni tí iṣẹ́ ọnà bá jẹ lógún, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó sì ti sú, Òṣogbo ni kó kọ́kọ́ lọ wò. Aláró ni mí. Mo wo Ìdànrè náà, òkè rẹ̀ rẹwà gan-an, àmọ́ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mò ń wá, Òṣogbo ni wọ́n sì pọ̀ sí. Látìgbà tí Dúró Ládipọ̀, òṣèré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, ti dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962 ni ìlú náà ti ń bí oníṣẹ́ ọnà. Títí dòní, ẹ ó rí ìyá tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí aró má baà mú ibẹ̀.

Igbó Ọ̀ṣun ló wù mí jù: ère símẹ́ǹtì tí Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ dúró láàárín igi, ewéko tútù ti bò wọ́n lẹ́sẹ̀, ọ̀bọ ń fò lókè. Ẹ lọ láàárọ̀ kí èrò tó dé.

Owó ilé kò wọ́n bíi t'Èkó, àmọ́ ẹ bá onílé fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ o! Agẹ́ńtì kan gbowó lọ́wọ́ mi lórí ilé tí kànga rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má sì wá ilé kiri lóṣù Kẹjọ. Èrò ọdún Ọ̀ṣun á ti gba gbogbo yàrá.