Shut Up: Flower Boy Band: wọ́n pa olórí bánńdì lépísóòdù kejì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Mi ò tíì rí síríìsì Kòríà míì tó láyà bí eléyìí. Ẹ wò ó ná, wọ́n mú Lee Min-ki, tó jẹ́ pé òun ló ti pẹ́ nídìí eré jù nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn, wọ́n fi ṣe Joo Byung-hee olórí bánńdì, wọ́n jẹ́ kó kọrin, kó jà, kó máa ṣe bíi wèrè káàkiri, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì wọ̀ wá lára dáadáa, wọ́n wá pa á lépísóòdù kejì. Kì í ṣe pé ó dákú tó máa padà jí o. Ó kú. Épísóòdù 14 ló ṣì kù nílẹ̀, kò sì sígbà kankan tí wọ́n ṣe bíi pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mi ò ní sọ bó ṣe kú, ẹ máa wò ó fúnra yín. Ṣùgbọ́n ikú yẹn ò ṣeé fi pamọ́, torí tí mi ò bá sọ ọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi fẹ́ràn síríìsì yìí tó bẹ́ẹ̀.

tvN, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan ní Kòríà, ló gbé e sáfẹ́fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, ó parí lóṣù kẹta, épísóòdù 16 péré. Lee Kwon ló darí ẹ̀, Seo Yoon-hee ló kọ ọ́. tvN yìí náà ti kọ́kọ́ ṣe Flower Boy Ramyun Shop lọ́dún 2011, wọ́n sì tún ṣe Flower Boys Next Door lọ́dún 2013, ìtàn wọn ò so mọ́ra rárá, ẹ lè wo eléyìí láì mọ nǹkan kan nípa àwọn yẹn. Eléyìí wúwo jù wọ́n lọ, kí ẹni tó bá ń wá ẹ̀rín nìkan tètè mọ̀.

Ìtàn ẹ̀ ò le láti yé èèyàn. Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì 6 tí wọn ò rí já jẹ ni wọ́n kó ara wọn jọ dá bánńdì rọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Eye Candy sílẹ̀. Byung-hee ló wà níwájú, Ji-hyuk àti Hyun-soo ń ta gìtá, Ha-jin tí ọ̀rọ̀ obìnrin ò jẹ́ kó gbádùn mú gìtá béèsì, Do-il tí bàbá ẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àwọn jàǹdùkú wà nídìí dúrọ́ọ̀mù, Kyung-jong ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n fẹ́ tún àdúgbò kọ́, ni wọ́n bá ti súkúù wọn pa, wọ́n kó wọn lọ sí Jungsang, súkúù àwọn ọmọ olówó, níbi tí kò sẹ́ni tó fẹ́ rí wọn, àti tíṣà àti ọmọ. Bánńdì kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Strawberry Fields, Yoo Seung-hoon lolórí wọn, ọmọ tó ní gbogbo nǹkan tó sì tún mọ orin kọ. Ohun tó wù mí lọ́rọ̀ Seung-hoon ni pé wọn ò sọ ọ́ di ọ̀tá lásán, ó létí, ó mọ ẹ̀bùn tó bá gbọ́ ọ, ó sì mọ ohun tí Byung-hee ní tí owó bàbá òun ò lè rà, ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Àwọn épísóòdù tó tẹ̀ lé ikú yẹn ni mo máa ń padà sí. Àwọn 5 tó kù ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀, ta ló fẹ́ kọ́ wọn? Kò sí àgbà kankan tó jókòó tì wọ́n, tó ní ẹ sunkún, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ji-hyuk tó ń dá gbé nínú yàrá kan lórí òrùlé ló di olórí tipátipá, Sung Joon ló ṣe é, ohùn ẹ̀ jinlẹ̀, kì í pariwo, ó kàn máa wo èèyàn báyìí lo ti máa mọ̀ pé ẹrù tí ọmọ yìí rù ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ. Wọ́n á jà, wọ́n á bú ara wọn bí ẹni pé wọn ò mọra rí, wọ́n á sì tún padà wá bá ara wọn torí kò síbòmíì tí wọ́n lè lọ. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, àwọn tó jẹ́ pé ẹ jọ dàgbà láìsí ẹni tó ń wò yín ni, mo sì gbà pé ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n Hyun-soo ni mo ronú lé lórí jù. Kim Myung-soo ló ṣe é, ìyẹn L inú Infinite, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọkùnrin Kòríà. Ilé wọn ò lówó, àbúrò ẹ̀ obìnrin ń ṣàìsàn, nígbà tí kọ́ńpìnì olórin wá gba bánńdì yìí wọlé, ojú Hyun-soo ni wọ́n rí kí wọ́n tó rí gìtá ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nídìí orin Kòríà mọ̀ pé kọ́ńpìnì ló máa ń ṣa ọmọ, tí wọ́n á fi ọdún bíi mélòó kan kọ́ ọ lórin àti ijó, tí wọ́n á yan orin fún un, aṣọ tó máa wọ̀, irun tó máa gẹ̀, títí dórí ohun tó máa sọ tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, bánńdì tó ń kọ orin ara ẹ̀ nínú àwọn ilé orin kéékèèké Hongdae, àdúgbò kan ní Seoul, kì í fi bẹ́ẹ̀ ríbi wọ irú ètò yẹn. Kim Myung-soo fúnra ẹ̀ sì ti inú ètò yẹn wá, Infinite bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi ní láti ṣe àṣejù kó tó wọ̀ wá lára. Wọ́n ń fa Hyun-soo síwájú, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń kù lẹ́yìn, wọ́n sì ń wò ó bíi pé ó ti ta wọ́n. Mi ò lè bá wọn bínú sí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí àbúrò ẹ̀ wà ní ọsibítù ò lè máa sọ pé rọ́ọ̀kì lòun máa kú lé lórí. Síríìsì yìí ò dá a lẹ́bi, kò sì dá àwọn tó kù lẹ́bi, ó kàn jẹ́ ká rí i pé owó ti wọ àárín wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń dun Hyun-soo, ó ń dun àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà.

Orin ibẹ̀ dáa gan. Wọ́n mú àwọn tó mọ nǹkan tí wọ́n ń ṣe, Lee Hyun-jae tó ṣe Do-il, onílù bánńdì Mate ni lójú ayé, ó hàn nínú bó ṣe ń di igi ìlù mú. Kim Ye-rim tó ti inú Superstar K3, ìdíje orin orí tẹlifíṣọ̀n, wá wà níbẹ̀ náà, ohùn ẹ̀ tútù, òun àti L jọ kọ Love U Like U. Jaywalking àti Wake Up ni orin Eye Candy tó mú mi jù, Jaywalking pàápàá, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí di báyìí. Àmọ́ wọ́n lo àwọn orin yẹn léraléra, tó bá ti di ìdajì síríìsì, ó ti ń wù mí kí wọ́n fún wa ní òmíì.

Ibi tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Im Soo-ah ni ọmọbìnrin tí Byung-hee ń pè ní muse ẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń mú kó rí orin kọ, ọmọ olówó tí nǹkan wá dàrú mọ́ bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ tó wá ń gbé nítòsí Ji-hyuk. Èrò yẹn dáa, ọmọbìnrin tí ọ̀rẹ́ rẹ tó kú fẹ́ràn ni ìwọ náà wá ń fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ sẹ́nu Soo-ah, Jo Bo-ah tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ eré nígbà yẹn, mi ò sì rò pé ẹ̀bi ẹ̀ ni, ẹ̀bi ìwé eré ni. Ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún, ó ń sunkún, kì í sọ ohun tóun fẹ́. Láàárín síríìsì ni mo ti rí i pé ó ń fà, tí Ji-hyuk àti Soo-ah bá ti dúró lójú títì tí wọ́n ń wo ara wọn, mo máa ń fẹ́ kí wọ́n tètè gbé wa padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ bánńdì.

Ìparí ẹ̀ ò tan wá jẹ. Mi ò ní sọ ọ́, àmọ́ ẹ má retí pé gbogbo wọn máa di ìràwọ̀ kí wọ́n sì jọ wà bẹ́ẹ̀ títí ayé. Àwọn kan bínú sí i, èmi ò bínú, ó bá gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ látẹ̀yìn mu.

8 nínú 10 ni mo fún un, 2 tí mo yọ, ti Soo-ah àti ti àárín tó fà yẹn ni. Ìjà pọ̀ nínú ẹ̀, èébú náà pọ̀, torí náà kì í ṣe fún ọmọ kékeré. Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo épísóòdù 1 àti 2 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí tẹ́ ẹ bá dúró lórí àkọ́kọ́, ẹ máa rò pé ti Byung-hee ni ìtàn náà.