Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òṣogbo: ibi tí wọ́n ti gba máàkì àti ibi tí wọ́n ti kùnà

Ilé ìwòsàn kékeré ni, kò jìnnà sí Ọjà-Ọba: dókítà méjì tó ń pín iṣẹ́ ṣe, nọ́ọ̀sì, láàbù, yàrá kan fún ẹni tó bá máa sùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló wà nígboro, ohun tó kan èyí sì kan àwọn yòókù. Táìlì tó ń dán àti AC gbàgede ò wo ẹnikẹ́ni sàn, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ń wò.

BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò jù. Bí àgbàlagbà bá wọlé, nọ́ọ̀sì á ní, "Màmá, ẹ jókòó ná, ẹ sinmi," ó sì di bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó gbé ẹ̀rọ dé. Ẹ̀yìn á fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹlẹ̀, apá á wà lórí tábìlì ní déédéé àyà, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ̀rọ̀. Ó máa ń béèrè bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, torí ìtọ̀ téèyàn pa mọ́ra máa ń ti BP sókè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì sáàárín. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ju ẹyọ kan lọ, ti apá tó sanra wà lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní èyí, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó bá há jù fún apá máa ń gbé iye tó ga ju tòótọ́ lọ jáde, tí wọ́n á fi gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lé ẹni tí kò nílò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jà nítorí ṣéńjì lè ní 140/90 láìṣàìsàn. Àyàfi tó bá ga kọjá ààlà, wọ́n á ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí wọ́n tó kọ oògùn.

Ọ̀rọ̀ ibà ló ní wàhálà nínú. Wọn kì í fún èèyàn loògùn ibà láìṣe àyẹ̀wò, ẹ̀yí dára. RDT, àyẹ̀wò ibà ojú ẹsẹ̀, ni wọ́n ń lò: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka, omi inú ìgò kékeré tó bá a wá, lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró. Ìdúró yìí gan-an ni wọn kì í lè fara dà nígbà tí èrò bá pọ̀. Irú tó wà lọ́wọ́ wọn ń fẹ́ ìṣẹ́jú 15, mo sì rí i tí wọ́n kà á kó tó pé. Lẹ́tà C àti T wà lára rẹ̀. Bí ilà bá yọ níwájú C nìkan, kò sí ibà. Ilà C àti T, ibà wà, kódà bí T bá hàn fírífírí. Bí C kò bá yọ, àyẹ̀wò ti bàjẹ́, kí wọ́n ṣe òmíràn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn ibà tán kó sọ fún wọn, torí T ṣì lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti lọ.

Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, ni mo bínú sí. Kò sí ara gbígbóná tí wọn kì í ṣe é fún, èsì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ "ibà àti táífọ́ọ̀dù" nígbà gbogbo. Ohun tí Widal ń wá ni àmì pé ara ti bá kòkòrò náà pàdé, ó sì lè jẹ́ ti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi kọ Ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò, fún ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò tó ṣe é gbára lé ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ ní láàbù láti wò bóyá kòkòrò á hù níbẹ̀ (blood culture), ó sì ń gba ọjọ́ díẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ìdí tó fi rò pé táífọ́ọ̀dù ni, kí ẹ tó sanwó oògùn.

Àlàyé oògùn wọn dára. Lára páálí oògùn ibà Artemether-Lumefantrine 20/120 ti àgbàlagbà, nọ́ọ̀sì kọ ọ́ gàdàgbà: mẹ́rin báyìí, mẹ́rin lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, lẹ́yìn náà mẹ́rin láàárọ̀ àti mẹ́rin lálẹ́ fún ọjọ́ méjì, gbogbo rẹ̀ 24. Ó ní kí wọ́n fi oúnjẹ tó ní ọ̀rá jẹ ẹ́, torí láìsí ọ̀rá kì í wọ ara dáadáa. Bí ẹni náà bá bì í láàárín wákàtí kan, kó lo òmíràn.

Ní ti àjẹsára ọmọdé, ẹ ní kí wọ́n ṣí fíríìjì hàn yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kò gbọ̀dọ̀ tutù ju 2°C lọ, kò sì gbọdọ̀ gbóná ju 8°C lọ. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ bó ṣe tutù tó sórí ìwé ara ilẹ̀kùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tiwọn ṣófo ní Sátidé àti Sọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ NEPA ò mọ Sọ́ńdè. Lára ìgò àjẹsára, àmì kan wà: onígun mẹ́rin nínú òbìrìkìtì. Bí onígun mẹ́rin náà bá ti dúdú tó òbìrìkìtì, ooru ti bà á jẹ́. BCG (àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ) tí wọ́n ti pò, wákàtí mẹ́fà ni òpin rẹ̀.

Àpótí abẹ́rẹ́ wọn kún dé ẹnu, ó yẹ kí wọ́n tì í pa tó bá ti dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ilẹ̀kùn dókítà kì í tì, gbogbo àwọn tó wà níta ló ń gbọ́ ohun tó ń ṣe yín. Ìwé àṣẹ dókítà láti ọ̀dọ̀ MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, wà lára ògiri: ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun, ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní ètò adójútòfò ìlera kó rí i dájú pé orúkọ ibẹ̀ wà nínú tirẹ̀, kó tó gba káàdì.

Lóru, nọ́ọ̀sì nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, dókítà ń bọ̀ láti ilé, n kò sì rí sílíńdà ọ́síjìn kankan. Ọmọ tó ń gìrì, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tàbí ẹni tí kò lè mí dáadáa, ẹ má yà síbẹ̀ rárá. Ẹ gbé e tààrà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Asùbíàrò tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN.