Ẹ ṣọ́ra o: gọ́ọ̀mù káfíńtà ni wọ́n ń tà fún wa ní oògùn balùwẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ní balùwẹ̀ onítáìsì, pàápàá èyí tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má tíì sanwó fún ẹni tó bá ní òun ní oògùn tí òun máa kùn sójú táìsì tí omi ò fi ní jò mọ́. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

Ìbàdàn ni à ń gbé. Orí pálọ̀ gan-an ni balùwẹ̀ àwọn ọmọ wà. Mo ṣàdédé rí i lọ́jọ́ kan pé àjà pálọ̀ ti pọ́n, bí ìgbà tí wọ́n da tíì sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ni, àmọ́ òjò ò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi ní nọ́ńbà ọkùnrin kan. Ẹ má bínú sí ọ̀rẹ́ mi o, wọ́n ti lu òun náà, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì búlúù onílítà mẹ́rin. Ó ní sílà ni, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń kùn kí nǹkan má baà máa fa omi, pé Jámánì ló ti wá, pé tí òun bá kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré, omi ò ní jò fún ọdún 15, a ò sì tún ní máa fọ balùwẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Balùwẹ̀ wo ni wọn kì í fọ̀? ₦95,000 ló pè é. Mo ná an títí ó fi gba ₦80,000, inú mi tún ń dùn pé mo já ọjà.

Àárọ̀ yẹn làwọn ọmọ wẹ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Kò nù ún, kò fọ ìdọ̀tí dúdú tó wà ní kọ̀rọ̀, ó kàn fi búrọ́ọ̀ṣì kun gbogbo rẹ̀, ojú táìsì àti àárín rẹ̀. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ó ní a lè wẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ó kọ́kọ́ ń dán. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ilẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tó ti dì, ó ń yọ̀, èékánná lásán ló ń bó o. Ọmọkùnrin mi ṣubú níbẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Àjà pálọ̀ ń pọ́n sí i. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ò wọlé mọ́.

Mo gbé ohun tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì lọ bá bàbá onítáìsì kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n tọ́ ọ wò níka, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Fúnmi, gọ́ọ̀mù tí káfíńtà fi ń lẹ pákó nìyí. Omi ni wọ́n fi là á." Wọ́n kun díẹ̀ sórí àfọ́kù táìsì, ó gbẹ mọ́jú. Nígbà tí wọ́n wọ́n omi sí i, ó tún funfun, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì inú tíì. Bí gọ́ọ̀mù yẹn ṣe rí nìyẹn: omi máa ń tú u lẹ́yìn tó bá ti gbẹ.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ká ní sílà gidi ló gbé wá, owó mi ì bá ṣì bọ́ sómi. Táìsì tí wọ́n fi ohun dídán bíi gíláàsì bò lójú kì í fa omi, kò nílò sílà. Sìmẹ́ńtì funfun tó wà láàárín táìsì ló ń fa omi, òun ni sílà ń wọ̀ lára kí ọṣẹ àti ìdọ̀tí má baà tètè dì mọ́ ọn. Kì í dá omi tó ń jò dúró. Ohun tó ń dá a dúró ni ohun tí wọ́n ń kùn sí ilẹ̀ àti ògiri kí wọ́n tó lẹ táìsì rárá, pẹ̀lú ilẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ ihò omi. Ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀, sìlíkọ́ọ̀nù ló yẹ kó wà níbẹ̀ torí ó ń nà bíi rọ́bà, kì í sán bíi sìmẹ́ńtì. Tiwa ti sán káàkiri. Bàbá dí ihò omi, wọ́n da omi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi lọ sílẹ̀, àjà pálọ̀ ń kán tó, tó. Wọ́n ní kí wọ́n tó lẹ táìsì ló ti yẹ kí wọ́n dán an wò bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ra sílà fún ìtọ́jú, ẹ kán omi sórí sìmẹ́ńtì àárín táìsì yín ná. Tó bá tètè fà á, tó sì dúdú, ó nílò rẹ̀. Tí omi bá dúró róbótó, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ má sì wo àwọ̀, sílà gidi míì wà tó funfun bíi wàrà. Ìṣe ẹni tó ń kùn ún ni kẹ́ ẹ wò: ẹni tó mọṣẹ́ máa fọ ibẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ dáadáa, á sì nu èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò lójú táìsì kó tó gbẹ. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kó gbẹ síbẹ̀ kó lè máa dán, ẹ lé e jáde.

Àwọn kan tún ń kọ́kọ́ fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ásíìdì ń jẹ sìmẹ́ńtì yẹn, tí wọ́n á fi padà wá gbowó míì. Tí ásíìdì bá sì pàdé jíìkì, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ léwu gan-an.

Mo ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá ti bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin yìí, kó tọ́jú rìsíìtì, ẹ̀rí owó tó fi ránṣẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì. Ìdajì kẹ́ẹ̀gì ló kù nílé wa. Káfíńtà àdúgbò ti ní kí n fún òun, pé òun á fi lẹ àga. Mo ní ó di ìgbà tí wọ́n bá dá mi lóhùn.