Fìlà òkìríkà tí mo rà l'Ọ́jà Ọba, Akúrẹ́

Tí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, èmi ò kí ń ṣí orí sílẹ̀ jáde o, fìlà òyìnbó àtijọ́ ni tèmi, irú èyí táwọn bàbá wa máa ń dé ya fọ́tò láyé ijọ́sí. Mo wá bá ìyá kan tó ń ta òkìríkà l'Ọ́jà Ọba, wọ́n pè é ní 6,000, mo ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gba 3,000", a ná an títí a fi dé 4,000.

Fìlà yẹn dáa gan-an, irun àgùntàn ni, ó nípọn, awọ tó yí inú ẹ̀ ká ti ń dán nítorí òógùn ẹlòmíì (ẹ má bínú, mo kọ́kọ́ fi ọtí nù ún). Etí ẹ̀ ti wọ́, mo gbé e sórí ooru kẹ́tùlù, ó rọ̀, mo fi ọwọ́ tò ó padà.

Ibi tó dùn mí ni pé kòkòrò ti jẹ ihò síbì kan, wọ́n wá fi ìyẹ́ bò ó! Ilé ni mo ti rí i. Lórí ọ̀kadà lọ sí Ìdànrè láàárọ̀ kùtù, ọwọ́ kan ni mo fi dì í mú, àmọ́ òtútù ò rí àtàrí mi fọwọ́ kàn. Màá padà lọ sọ́jà yẹn ṣá, tọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́ mi tí màá fi wá ihò.